Ẹ̀yìn Ríro Ọdún Mẹ́fà: Ṣé Kí N Lọ Gba Abẹ́rẹ́ ní Ṣáínà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 58 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Ìbàdàn. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ẹ̀yìn ti ń ro mí, ó sì máa ń ti ìbàdí sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ òsì. Mo ti lo àgbo, mo ti lo ìpara, mo ti gba abẹ́rẹ́ ní ilé oògùn títí ó fi sú mi. Àbúrò mi tó ń ra ọjà ní Guangzhou ní kí n máa bọ̀, pé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà máa ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín àti àgbo wọn wo irú rẹ̀ sàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní ilẹ̀ kan tí mo lè tà. Ṣé kí n lọ? Báwo ni mo ṣe máa mọ ọsibítù gidi? Ṣé kí n dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi dúró kí n tó mu tiwọn? Ọkọ mi náà fẹ́ bá mi lọ nítorí eékún rẹ̀. Warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni òun ń lò látìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí i lẹ́sẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mọ̀mí. Oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì ni mí, àwa tí a ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú ara tó ń dunni, ẹ̀yìn tó ń ro ni mo sì ń rí láràárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ká mi lára jù: ẹ má ta ilẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lọ kí àbúrò yín, tí owó rẹ̀ kò sì ní sọ yín di onígbèsè, ẹ lè gba ìtọ́jú náà níbẹ̀, ó lè dín ìrora yín kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ méjì ni ìrora ọdún mẹ́fà máa fi tán, ọjà ló ń tà.

Kí a tó dé Ṣáínà rárá, ta ló ti sọ ohun tó ń ṣe ẹ̀yìn yín? Nínú ọ̀rọ̀ yín mo rí àgbo, mo rí ìpara, mo rí abẹ́rẹ́ ilé oògùn, n ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti yẹ̀ yín wò. Ìrora tó ń ti ìbàdí wọ ẹsẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pé nǹkan ló ń fún iṣan ìmọ̀lára níbi tó ti ń jáde lára eegun ẹ̀yìn. Ó lè jẹ́ ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun kan sí èkejì ló yọ síta, ó sì lè jẹ́ ojú ọ̀nà iṣan náà ló fún nítorí ọjọ́ orí. Ṣùgbọ́n èmi ò lè fi ìwé nìkan búra. Nílẹ̀ wa níbí, TB, ìyẹn ikọ́ fée, máa ń wọ eegun ẹ̀yìn láìjẹ́ pé ẹni náà ń wúkọ́. Jẹjẹrẹ ọmú máa ń tàn dé eegun ẹ̀yìn. Ti prostate náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn bàbá, wọ́n á sì máa fi ìpara pa á, wọ́n á ní làkúrègbé ni. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín lè mú irú ìrora bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, kí àrùn fúnra rẹ̀ sì máa gbilẹ̀ lábẹ́.

Bí ìtọ̀ bá ń ṣòro fún yín tàbí tó ń dà láìmọ̀, bí ara bá kú níbi tí ẹ fi ń jókòó, bí ẹsẹ̀ kan bá ń wọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń rìn, bí ẹ bá ń rù láìṣe pé ẹ dín oúnjẹ kù, tàbí tí ibà àti òógùn bá ń bò yín lóru, ọsibítù tó sún mọ́ yín ni kí ẹ forí lé. Ti ìtọ̀ àti ti ara tó kú yẹn kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì.

Ó wá ku abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀, tí àwọn òyìnbó ń pè ní acupuncture. Kò sí oògùn nínú rẹ̀, kò sì ní ihò bí èyí tí nọ́ọ̀sì ń lò. Ó tín-ín-rín jù ú lọ dáadáa. Wọ́n á gún un sí ìbàdí, sí ẹ̀yìn eékún, sí ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n á fi í síbẹ̀ fún bíi 20 sí 30 ìṣẹ́jú. Nígbà míì wọ́n á so wáyà iná kékeré mọ́ ọn, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ bó ṣe ń mi kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ awọ. Àwọn tó ni ín gbà pé agbára kan tí wọ́n ń pè ní qi ló ń ṣàn nínú ara, pé ibi tó bá dí ló ń dunni, abẹ́rẹ́ ló sì ń la ọ̀nà fún un. Èyí tí àwa kọ́ nílé ìwé ni pé gígún náà ń ta iṣan ìmọ̀lára jí, ọpọlọ á sì tú èròjà tí ara fi ń pa ìrora sílẹ̀.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní 2018, àwọn olùwádìí kó àbájáde ìwádìí 39 pọ̀, àwọn aláìsàn inú rẹ̀ sì lé ní 20,000: ẹ̀yìn, ọrùn, èjìká, eékún, orí fífọ́. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ rí ìtura ju àwọn tí kò gbà lọ dáadáa. Nígbà tí wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n gún ní gígún ẹ̀tàn, bóyá níbi tí kì í ṣe ojú ibẹ̀ tàbí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí kò wọra, ìyàtọ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n ó kéré. Ohun tí mo rí nínú ìyẹn ni pé apá kan ìtura náà ti ara abẹ́rẹ́ wá, èyí tó kù wá láti ara pé ẹnìkan fara balẹ̀ fọwọ́ kàn yín, ó sì tọ́jú yín. Ẹni tí ara bá tù, ara tù ú náà ni, n ò ní bá a jà.

Àwọn tó ń la ìlànà sílẹ̀ pàápàá kò fẹnu kò. NICE, tó ń ṣe ìlànà fún àwọn ọsibítù ìjọba ní England, sọ ní 2016 pé kí wọ́n má lò ó fún ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ní 2021, àjọ kan náà ní wọ́n lè lò ó fún irú ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ kan tí wọn ò rí àrùn mìíràn tó fà á. Ní Amẹ́ríkà, Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó rẹ̀ fún ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ní 2020: ìgbà 12 láàárín 90 ọjọ́. Bí ara bá ń yá, wọ́n á fi 8 kún un. Bí kò bá yá, wọ́n á dáwọ́ dúró.

Ẹ wo ìṣirò yẹn dáadáa, Mọ̀mí. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n pín in sí, ẹ̀yin sì ń sọ ti ọ̀sẹ̀ méjì. Lóòótọ́, ní Ṣáínà, nǹkan bíi ìgbà 10 ni wọ́n sábà máa ń kà sí ìpele ìtọ́jú kan, liaocheng ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì lè máa gún yín lójoojúmọ́. Ẹ lè parí ọ̀kan, kí ara tù yín, kí ẹ padà wálé. Ẹ ó tún lọ jókòó sórí àpótí ní ìsọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ ó tún tẹ̀ gbé bándù aṣọ. Bí ìrora bá padà dé lóṣù kẹta, ta ló máa ṣe ìpele kejì?

Ìjókòó inú bàálù náà ńkọ́? Èkó sí Addis Ababa tó bíi wákàtí márùn-ún, Addis Ababa sí Guangzhou tó bíi mẹ́wàá, yàtọ̀ sí ìdúródeni láàárín. Bí ẹ bá ń ti Ìbàdàn wọ mọ́tò dé Èkó tí ẹ sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n nà, ẹ̀yìn yín kò tíì ṣetán fún ìrìn yẹn.

Nítorí náà, ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. UCH wà nítòsí yín, wọ́n ní ẹ̀ka fisiotẹ́rápì níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò, kó sọ bóyá MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, pọn dandan, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn ló nílò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fún eré ìdárayá tí wọ́n bá kọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ẹ ṣe é lójoojúmọ́, kì í ṣe ọjọ́ tó bá ń dùn yín nìkan. Àwọn kan nínú wa tó ń ṣe fisiotẹ́rápì ní Nàìjíríà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún iṣan ara tó le. Ẹ béèrè. Ẹ lè fi ìyẹn mọ̀ bóyá ara yín fẹ́ràn gígún kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ bá ṣì ń lọ, ọsibítù ìjọba ni kí ẹ wá. Àwọn ará Ṣáínà máa ń pín ọsibítù sí ipò. Èyí tó ga jù ni wọ́n ń pè ní sanjia, àbúrò yín yóò mọ̀ ọ́n. Guangdong Provincial Hospital of Chinese Medicine, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933, wà ní Guangzhou níbẹ̀, ó sì tóbi. Ìdí tí mo fi fẹ́ irú ibẹ̀ fún yín ni pé abẹ́rẹ́, ẹ̀rọ MRI àti dókítà tó mọ ìṣègùn òyìnbó wà lábẹ́ òrùlé kan náà. Bí ohun tó ń ṣe yín bá ju ti abẹ́rẹ́ lọ, wọ́n á rí i. Ẹ sá fún ẹni tó bá ní òun máa mú yín lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní yàrá òkè tó ń wo gbogbo àìsàn.

Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, páàsípọ́ọ̀tù yín ni ẹ ó fi gba nọ́ńbà lójú fèrèsé. Guahao ni wọ́n ń pè é, owó àgbà dókítà sì ju ti ọ̀dọ́ lọ. Ẹ ó sanwó kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun, orí fóònù ni wọ́n sì ti sábà máa ń san án, Alipay tàbí WeChat, nítorí náà ẹ má gbọ́kàn lé káàdì náírà yín. Dókítà yóò ní kí ẹ yọ ahọ́n, yóò sì fi ìka mẹ́ta tẹ ọrùn ọwọ́ yín, ti ọ̀tún àti ti òsì, á dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan. Ẹ má bẹ̀rù, bí wọ́n ṣe ń yẹ èèyàn wò nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan tó gbọ́ èdè wọn kọ ìtàn àìsàn yín àti gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sí ojú ìwé kan ní èdè Ṣáínà kí ẹ tó kúrò nílé, torí WhatsApp àti Google kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń dé sí ilé àbúrò yín, kó mú yín lọ forúkọ sílẹ̀ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá kí wákàtí 24 tó pé. Hòtẹ́ẹ̀lì máa ń bá àlejò ṣe é, ilé àdáni kì í ṣe é. Níbi ìwé físà, ẹ sọ pé ìtọ́jú lẹ ń lọ gbà, kí ẹ sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọsibítù náà. Ẹ yẹra fún àsìkò Canton Fair, ọjà àfihàn ńlá Guangzhou tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá, hòtẹ́ẹ̀lì máa ń wọ́n. Ẹ má kó tramadol dání láìsí ìwé dókítà. Ẹrù ẹlòmíràn, ẹ má bá a gbé, ìbáà jẹ́ ọmọ ìjọ yín.

Àgbo wọn ló ń bà mí lẹ́rù ju abẹ́rẹ́ lọ. Ọsibítù lè bá yín sè é, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá kéékèèké bíi omi pọ̀ọ̀ wáttà, kí ẹ máa rì í sínú omi gbígbóná kí ẹ tó mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó máa ń dúdú, ó sì máa ń korò. Ewé, egbò àti èèpo bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló lè wà nínú ẹyọ ọ̀rá kan. Mo bọ̀wọ̀ fún ewé. Tu Youyou, obìnrin ará Ṣáínà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015, inú ìwé ìṣègùn àtijọ́ wọn ló ti rí ọ̀nà tó gbà yọ artemisinin, tí wọ́n ti ara rẹ̀ ṣe ọ̀kan nínú èròjà Coartem tí gbogbo wa fi ń wo ibà. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ èròjà yẹn jáde, wọ́n dán an wò, wọ́n mọ iye tó tó èèyàn. Ti inú ọ̀rá kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn egbò tí wọ́n ń pè ní chuanwu, caowu àti fuzi, tí wọ́n máa ń fún ẹni tí eegun ń dùn, ní májèlé aconitine nínú, tó lè da ìlù ọkàn rú bí wọn ò bá sè é pẹ́ tó. Ní Brussels, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin tó lọ gba oògùn tí ń mú ni rù pàdánù kíndìnrín wọn. Egbò fangji ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, egbò Aristolochia tí orúkọ rẹ̀ jọ ọ́ ló bọ́ síbẹ̀, àwọn kan sì tún ní jẹjẹrẹ ojú ọ̀nà ìtọ̀ lẹ́yìn náà. Fún ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ewéko tí wọ́n ń pè ní mahuang máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Egbò gancao náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí a bá ń mu ún léraléra, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbo wọn nítorí pé ó ń mú un dùn. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi hàn dókítà yín kí ẹ tó mu ife kan. Bí wọ́n bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ má mu ún. Gígún nìkan tó yín.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ẹ má dá a dúró ní ọjọ́ kankan. Ẹ kó èyí tó máa ju ọjọ́ ìrìnàjò lọ dání, nínú báàgì ọwọ́, nínú páálí rẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń gún yín bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀rọ nínú àyà, kí ẹ sì rí i pé ojú yín ni wọ́n ti ń já ọ̀rá abẹ́rẹ́ tuntun, torí àrùn mẹ́dọ̀wú. Kọ́ọ̀bù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, tó máa ń fi àmì róbótó dúdú síbẹ̀, jọ hijama tí àwọn Mùsùlùmí Ìlọrin àti Ìbàdàn mọ̀, àyàfi pé wọn kì í sábà sín gbẹ́rẹ́ sí i.

Bàbá ni n ò fọwọ́ sí kí wọ́n bá yín lọ báyìí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ rí kò gbọ́dọ̀ wọ bàálù irú wákàtí bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà tó ń fún un ní warfarin ti fọwọ́ sí i. Egbò danshen àti danggui tó wà nínú àgbo wọn máa ń mú kí agbára warfarin lé sí i, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ya láìdá. Eékún tí ọjọ́ orí bá sì ti jẹ, NICE sọ ní 2022 pé kí wọ́n má fi abẹ́rẹ́ tọ́jú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ fún un ni eré ìdárayá, àti kí ẹni tó bá sanra dín ara kù. Bàbá lè bẹ̀rẹ̀ ìyẹn ní ọ̀sẹ̀ yìí, bí dókítà rẹ̀ bá ti ní kò léwu.