Tí mo bá borí ọlọ́pàá lórí láísẹ́ǹsì ìbọn, ṣé wọ́n á dá owó lọ́yà mi padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Oko adìẹ ni mo ní ní Kuje níbí, olè ò jẹ́ ká sùn, ni mo bá kọ̀wé gba láísẹ́ǹsì ìbọn double barrel, ọlọ́pàá láwọn ò fún mi, wọn ò tiẹ̀ sọ ìdí. Mo gbé wọn lọ Federal High Court, oṣù tó ń bọ̀ ni ìdájọ́. Ṣé wọ́n á san owó tí mo fún lọ́yà mi padà? – Bàbá Wálé

Ìdáhùn: Bàbá Wálé, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ lè rí gbà nínú ẹ̀, àmọ́ ẹ má tíì fọkàn ná an o. Ẹni tó bá borí ló sábà máa ń gba owó ẹjọ́, ṣùgbọ́n adájọ́ ló máa sọ iye ẹ̀, kì í sì í fi jẹ ẹnikẹ́ni níyà. Owó lọ́yà gan-an ni wàhálà wà. Lọ́dún 2000, Kọ́ọ̀tù Kòtẹ́milọ́rùn sọ nínú ẹjọ́ Guinness àti Nwoke pé kò bójú mu kéèyàn gbé owó lọ́yà ẹ̀ ka ẹni tó ń bá ṣẹjọ́ lórí, àmọ́ àwọn ìdájọ́ míì ti gbà pé ó ṣeé gbà téèyàn bá béèrè ẹ̀ nínú ìwé ẹjọ́ tó sì rí ẹ̀rí fi tì í lẹ́yìn.

Torí náà ẹ bi lọ́yà yín lónìí bóyá ó béèrè ẹ̀, kẹ́ ẹ sì kó rìsíìtì jọ, ti owó fáìlì àti èyí tí lọ́yà fúnra ẹ̀ kọ fún yín. Àwọn kan á ka owó lé lọ́yà lọ́wọ́ nínú mọ́tò níwájú kọ́ọ̀tù, àwọn míì á ṣe transfer, wọ́n á wá kọ "owó oúnjẹ adìẹ" sí i, kí ladájọ́ fẹ́ fìyẹn ṣe? Tí ìdájọ́ bá ti parí, kí lọ́yà yín dìde lójú ẹsẹ̀ kó dárúkọ iye, torí tí adájọ́ bá fún yín ní táṣẹ́rẹ́, abala 241 Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 ò gbà kéèyàn pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí owó ẹjọ́ nìkan láìgbàṣẹ kọ́ọ̀tù, ìnáwó ìyẹn nìkan sì lè ju owó tẹ́ ẹ ń lé lọ.

Gbígbà á tún wá lọ́tọ̀. Owó ìjọba ò ṣeé dédé dì ní báńkì láti fi san tiyín, abala 84 Sheriffs and Civil Process Act ní ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ Attorney-General. Ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́tà àti ẹ̀dà ìdájọ́ tí kọ́ọ̀tù lu òǹtẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn lọ́yà ọlọ́pàá ní Louis Edet House, oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní Abuja, ó máa ń dín wàhálà kù.

Ẹ jọ̀ọ́, bíborí yìí kì í ṣe láísẹ́ǹsì o. Adájọ́ sábà máa ń ní kí wọ́n tún ìwé yín gbé yẹ̀ wò ni, IG ló ṣì máa fọwọ́ sí i, ẹ má lọ rèé ra ìbọn kankan kí láísẹ́ǹsì tó dé ọwọ́ yín.