Èsì: Ṣé kí Màmá ṣì máa gba owó tí oníbàárà fi fóònù san?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àníyàn Màmá. Ẹ ní ṣé kí wọ́n má gba owó tí oníbàárà fi fóònù san mọ́ ní ìsọ̀ ata wọn ní Bódìjà, nítorí àlááàtì ayédèrú, ìyẹn àtẹ̀jíṣẹ́ irọ́ pé owó ti wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má kọ̀ ọ́. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí owó bébà di ọ̀wọ́n: tòmátì ń jẹrà lójú ẹni tó fẹ́ rà á! Àbúrò ìyá mi ò ní àkáǹtì nígbà náà. Ó sunkún.

Àlááàtì kì í ṣe owó. Ọ̀rọ̀ lásán ni, ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Iye tó wà nínú àkáǹtì gan-an ni kí wọ́n wò kí oníbàárà tó gbé ọjà. Wọ́n lè fi USSD wò ó, ìyẹn kóòdù báǹkì tí à ń tẹ̀ bíi nọ́ńbà ìpè; kò nílò dátà, fóònù tọ́ọ̀ṣì náà ń ṣe é.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn ìyá wa, tó ń ṣírò owó lọ́kàn láìsí bírò, wá ń na fóònù sí àjèjì kó bá wọn wò ó. Wọ́n á tún sọ PIN fún un! Ẹ jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ kóòdù náà títí yóò fi mọ́ wọn lára.