Ẹ Bi Wá: Láptọ́ọ̀pù mi ti ń falẹ̀ jù, ṣé kí n gbé e dànù ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Ìsẹ́yìn, ThinkPad T430 tòkúnbọ̀ ni mo fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò. Tí mo bá tàn án láàárọ̀, màá ti po ẹ̀kọ tán kó tó ṣí, ó sì tún ti ń dún kọ́-kọ́-kọ́ nínú báyìí. Ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n ra òmíì, ẹlòmíì ní kí n fi SSD sí i. Èwo ni kí n ṣe? – Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ má gbé e dànù rárá! Àmọ́ ká tó sọ ti SSD, ìyẹn ohun ìkó-fáìlì-sí tí wọ́n fi ń rọ́pò hard disk, ìró kọ́-kọ́-kọ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, hard disk (ibi tí láptọ́ọ̀pù ń kó fáìlì pamọ́ sí) tó bá ti ń dún báyẹn lè kú nígbàkígbà. Lónìí yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó gbogbo fáìlì yín sórí flash, kẹ́ẹ sì ṣí wọn wò lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì kó lè dá yín lójú pé wọ́n wọlé, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan síkúrù kankan kẹ́ẹ tó ṣe ìyẹn.

Ọdún 2012 ni T430 jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n hard disk yẹn gan-an ló ń fà á sẹ́yìn. Àwo tó ń yí ló wà nínú ẹ̀, orí kékeré kan á máa sáré lọ sáré bọ̀ lórí ẹ̀ láti wá fáìlì, tí Windows bá sì ń ṣí, fáìlì kéékèèké tó ń wá pọ̀ lọ jàra. SSD ò ní ohunkóhun tó ń yí, ojú ẹsẹ̀ ló ń bá a. Ká tiẹ̀ ní fáìlì ńlá ni, hard disk á gbé bíi 100MB ní sẹ́kọ́ńdì kan, SSD á gbé bíi 500MB.

SSD irú SATA 2.5 inches, èyí tó rí bíi hard disk yẹn, ni kẹ́ẹ béèrè. Tí wọ́n bá na NVMe sí yín, irú SSD mìíràn tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ṣingọ́ọ̀mù, ẹ dá a padà, kò síbi tó máa wọ̀ lára T430 bó ti wù kó yá tó. 256GB tó yín, ẹ gba rìsíìtì, tí wọ́n bá sì ní 2TB rèé lówó pọ́ọ́kú, ayédèrú ló sábà máa ń jẹ́, ẹ sá o!

Ẹ yọ bátìrì kúrò kí wọ́n tó tú u. Síkúrù kan péré ló di ìdérí ibi tí hard disk wà mú, hard disk á jáde pẹ̀lú rọ́bà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ rí i pé wọ́n bọ́ rọ́bà yẹn sára SSD torí òun ni kì í jẹ́ kó máa mì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe ẹ̀dà hard disk tó ń ṣàìsàn yẹn o, kí wọ́n fi Windows sórí SSD láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Tí RAM láptọ́ọ̀pù yín, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, bá jẹ́ 4GB, ẹ fi 4GB irú DDR3 kún un, ihò méjì ló ní.