Ǹjẹ́ jẹjẹrẹ máa ń ṣe ẹran ìgbẹ́?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹran ìgbẹ́ ni mò ń tà ní Kétu. A la ọ̀yà kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, a bá kókó funfun lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi ní jẹjẹrẹ ni. Ọkọ mi, ọdẹ ni, ní kò sí jẹjẹrẹ nínú igbó, pé àrùn àwa tó ń jẹ kúúbù ọbẹ̀ ni. Ta ló jàre? Ṣé irú ẹran bẹ́ẹ̀ ṣeé jẹ? Ajá ọdẹ rẹ̀ náà ní ẹran kan tó wú síta lójú ara, ó ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá. Kò tíì sí ẹni tó jàre. Jẹjẹrẹ wà nínú igbó, ṣùgbọ́n kókó ara ẹ̀dọ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe jù kó jẹ́ nǹkan mìíràn.

Bí ẹ bá tún rí irú rẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ fi ọ̀bẹ tí ẹ kì í fi gé ẹran títà là á sí méjì. Bí ọyún bá tú jáde, tí awọ líle yí i ká, eéwo inú ni. Bí omi mímọ́ bá dà jáde, tí ẹ rí nǹkan funfun kékeré nínú àpò omi náà, ọmọ aràn ni. Bó bá dì bíi wàrà, tí ọ̀bẹ ń dún bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má gé e mọ́: ó lè jẹ́ ikọ́ ife, ó sì lè ran èèyàn. Jẹjẹrẹ ní tirẹ̀ máa ń ki, ó jọ ẹran látòkè délẹ̀, kò ní ọyún, àmọ́ àárín rẹ̀ lè ti kú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀. Ojú lásán kò tó láti fi búra. Bó bá jọ jẹjẹrẹ, ẹ gé díẹ̀ tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, kí dókítà ẹran fi sínú fọ́málíìnì 10%, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, kí omi náà tó ìlọ́po 10 ẹran ọ̀hún. Ẹ má fi sódàbì rọ́pò rẹ̀, kò le tó. Ẹ má sì jẹ́ kó dì bíi yìnyín. Dídì ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara, ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò lè má rí i dáadáa mọ́.

Ní ti jíjẹ: jẹjẹrẹ kì í ti inú ọbẹ̀ ran èèyàn. Iná ń pa sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ara wa náà kì í gba sẹ́ẹ̀lì ẹranko láyè. Ohun yòókù ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí ọ̀yà bá sanra, tí kókó kan ṣoṣo wà lára ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ nìkan ni kí ẹ dànù. Bó bá rù, tàbí tí kókó wà káàkiri, ẹ rì gbogbo ẹran náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ má jù ú sájá! Inú ajá ni ọmọ aràn ti ń dàgbà, ẹyin rẹ̀ á bá ìgbẹ́ ajá bọ́ sórí koríko, ọ̀yà mìíràn á tún jẹ ẹ́.

Kí ló dé tí ọkọ yín kì í rí i? Ọ̀yà kì í pẹ́ láyé. Ìbọn, ejò àti iná ìgbẹ́ ìgbà ọyẹ́ kì í jẹ́ kó darúgbó. Oyún rẹ̀ kò ju oṣù márùn-ún lọ, nítorí náà ó ti bímọ bímọ kí jẹjẹrẹ tó ráyè. Ọ̀yà tí ara rẹ̀ lè dènà jẹjẹrẹ ọjọ́ ogbó kò ní fi bímọ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ iye ọmọ ló ń sọ àbùdá (ohun inú sẹ́ẹ̀lì tí òbí ń fi jogún fún ọmọ) tó máa gbilẹ̀ láti ìran dé ìran. Ti erin yàtọ̀. Oṣù 22 ló fi ń lóyún, ọmọ kan ló sábà ń bí, ó sì lè lo 60 ọdún. Erin tí jẹjẹrẹ bá pa ní kékeré kò ní fi ọmọ sílẹ̀ rárá. Àbùdá kan wà tí wọ́n ń pè ní TP53, tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ pé kó tún ara rẹ̀ ṣe tàbí kó kú: èèyàn ní ẹyọ kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá; erin ní bíi 20 láti ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó jọ pé ìyẹn wà lára ìdí tí erin, pẹ̀lú gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó kún ara rẹ̀, kò fi ń kú ikú jẹjẹrẹ tó èèyàn. Richard Peto, onímọ̀ nípa àrùn ará Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàkíyèsí láti 1977 pé títóbi ara kò bá jẹjẹrẹ rìn láàárín oríṣi ẹranko. Ìwádìí kan tó jáde ní 2022 lórí ẹran 110,148, oríṣi 191, ní ọgbà ẹranko, gbè é lẹ́sẹ̀: àwọn ajẹran ló ń ní in jù, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ pátákò bí ẹtu àti àgbọ̀nrín ló kéré jù.

Ní ti kúúbù, wọ́n rí jẹjẹrẹ eegun lára dáínásọ̀ kan, ẹranko ayé àtijọ́, ní Kánádà tó ti kú láti bíi 76 mílíọ̀nù ọdún. Kúúbù wo ni ìyẹn jẹ?

Ti ajá ni kí ẹ má fi falẹ̀. Ó jọ jẹjẹrẹ ojú ara ajá, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba jẹjẹrẹ tó ń ràn. Bí wọ́n bá ń gùn ni sẹ́ẹ̀lì náà ń bọ́ lára ọ̀kan sára èkejì. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́rin tí ajá tó kọ́kọ́ ní i ti kú, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣì wà láàyè lára àwọn ajá mìíràn. Kì í ran èèyàn. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ kó má bàa gun ajá mìíràn. Títẹ̀ ẹ́ lọ́dàá nìkan kò ní wò ó. Vincristine ni oògùn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìgbà mẹ́ta sí mẹ́fà, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan. Bó bá jò sínú ẹran ara, á jẹ ibẹ̀ rà, nítorí náà dókítà ẹran ni kó gún un, kì í ṣe àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ nínú ọjà. Bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ajá ló máa ń san pátápátá.