'89 tó wà lára processor yẹn kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe é o

Àbúrò mi tó wà l'Óńdó, mo rí ìbéèrè ẹ, o ní o bá processor Intel 486 DX2, chip tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ bàbá yín, wọ́n kọ '89 àti '92 sí i lára, wọ́n tún kọ L4172284, o wá ń bèèrè èwo ni ọdún tí wọ́n ṣe é nínú wọn. Jọ̀ọ́ má gba '89 yẹn gbọ́. Ó ti fìyà jẹ mí rí.

Èmi l'Ákùúrẹ́ níbí, mo ra àwọn kọ̀ǹpútà tí ọ́fíìsì kan fẹ́ kó dànù, mo yọ processor mẹ́sàn-án irú tìẹ yẹn nínú wọn. Mo kó wọn lọ bá ọ̀gá kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní ẹnjiníà, ó gbowó lọ́wọ́ mi kó tó wò ó, kò tiẹ̀ mú un sún mọ́ ojú tó fi ní 1989 ni wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀. Mo gbà torí mo rí ìwé-ẹ̀rí ẹ̀ lára ògiri. Bí mo ṣe kọ 1989 sí i nìyẹn tí mo tà á fún ọkùnrin kan ní Jámánì tó ń kó irú ẹ̀ jọ, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún tí 486 kọ́kọ́ jáde ló ń wá. Ọjọ́ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ló kọ̀wé sí mi pé 1994 ni, pé DX2 ò tíì sí rárá ní 1989, 1992 ló jáde. Mo tún padà sọ́dọ̀ ẹnjiníà, ó ní òyìnbó yẹn fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni, èmi náà bá ń bá a jiyàn, ọ̀rọ̀ burúkú ni mo kọ sí i. Ìgbà tí ọkùnrin Jámánì náà wá ṣàlàyé nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ fún mi, ojú tì mí gan-an. Mo dá owó ẹ̀ padà pátá, mo san owó tí wọ́n fi gbé e bọ̀, òṣìṣẹ́ ibi tí mo ti fẹ́ gbẹrù mi tún ní àfi kí n mú ìwé wá pé kì í ṣe wúrà ni, torí ó rí àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ń dán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó fún mi.

'89 àti '92 yẹn, ọdún tí Intel fi sọ pé iṣẹ́ náà tiwọn ni, kẹ́nikẹ́ni má jí i ṣe. L4172284 ni kí o kà. L ni Malaysia, 4 ni ìparí ọdún, 17 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógún, ìyókù jẹ́ ti ìdìpọ̀ tó bá jáde. Bí ìparí April 1994 nìyẹn. Kì í ṣe ọjọ́ tí bàbá yín rà á o, ọjọ́ tí wọ́n parí chip ni.

Ṣùgbọ́n 4 yẹn lè jẹ́ 2004 náà, torí Intel ò dẹ́kun àtiṣe 486 títí di 2007. Kí o lè mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì, wo àwọn chip kéékèèké tó wà lára bọ́ọ̀dù tí o ti yọ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní nọ́ńbà mẹ́rin, bíi 9409, ọdún ló ṣáájú, ọ̀sẹ̀ ló tẹ̀lé e. Bí AMD, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe processor, náà ṣe máa ń kọ tiwọn nìyẹn, 9433 jẹ́ August 1994. Tí méjì tó kẹ́yìn bá ti ju 53 lọ, kì í ṣe ọjọ́ nìyẹn.

Tí nọ́ńbà ara processor yẹn ò bá hàn dáadáa, má fi pépà káfíńtà họ ara ẹ̀ o! Àwọn kan máa ń họ ọ́ kí wọ́n lè tẹ orúkọ èyí tó yára jù sí i. Sípírítì díẹ̀ lára òwú ti tó, kí o wá fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án láti ẹ̀gbẹ́. Àwọn tó ń ra chip àtijọ́ níwọ̀n kílò nítorí wúrà, má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n á fọ́ ọ ni.

Kọ nọ́ńbà àwọn chip kéékèèké yẹn ránṣẹ́ sí mi, kí a jọ wò ó.