Fídíò ìsìnkú tó ń lọ geere lórí láptọ̀ọ̀pù, tí tẹlifíṣọ̀n kọ̀ jálẹ̀

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Ìkọ̀lé, o kú iṣẹ́, o kú wàhálà. O ní fídíò ìsìnkú tí o ṣe ń lọ dáadáa lórí láptọ̀ọ̀pù rẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí o gbé e dé ilé àwọn olókùú, tẹlifíṣọ̀n wọn ní òun ò mọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀. O tún ní níbi tí o ti fi fóònù yà á, ohùn pásítọ̀ ń ṣáájú ẹnu rẹ̀, bí fídíò sì ṣe ń gùn sí i ni ìyàtọ̀ náà ń pọ̀ sí i. O ti export rẹ̀ (ìyẹn ni pé sọ́fíwíà kó gbogbo iṣẹ́ náà jọ di fáìlì kan) lẹ́ẹ̀mẹrin, epo jẹnẹrétọ̀ ti jó tán, kò sì sí ohun tó yí padà. Má tíì ṣe ẹ̀ẹ̀karùn-ún.

Èmi náà ti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Mo ṣe fídíò ìsìnkú ìyá àgbà kan ní Ìkẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti òkè òkun wá, ọ̀la ni wọ́n ń padà, gbogbo wọn wá jókòó sí pálọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn láti wò ó. Mo ki fláàṣì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, tẹlifíṣọ̀n ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wọlé. Ọmọ ilé kan gbé fláàṣì tirẹ̀ wá, mo da fáìlì sí i, ó yọjú, ṣùgbọ́n ohùn nìkan la gbọ́, ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú kirikiri. Fáìlì náà ń jẹ́ .mov, mo yí orúkọ rẹ̀ sí .mp4 lórí ìdúró. Pàbó ló já sí. Àkọ́bí ìyá náà, bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé a ò wá ní rí màmá nìyẹn?” Mi ò lè gbàgbé bó ṣe sọ ọ́. Mo padà sí Adó lóru ọjọ́ náà, mi ò sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ohun méjì ló ṣe mí, mo sì rò pé wọ́n ń ṣe ìwọ náà. Fláàṣì mi àkọ́kọ́, mo ti format rẹ̀ sí NTFS tipẹ́, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí fláàṣì fi ń to fáìlì, kí ó lè gba fáìlì ńláńlá, torí FAT32, tó jẹ́ ọ̀nà mìíràn, kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá ju 4 GB lọ. Láptọ̀ọ̀pù ń ka NTFS, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kì í kà á. FAT32 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀. Ìyẹn nìyẹn.

Èkejì ló jinlẹ̀. Ṣé o rí ewé tí ìyá wa fi ń pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀, wọ́n lè fi irú ewé yẹn náà pọ́n ẹ̀kọ. Ẹni tó rí ewé lórí àtẹ kò tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. MP4, MOV, MKV, ewé ni gbogbo wọn. Ohun tó wà nínú ewé ni codec, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi fún fídíò pọ̀ kí ó má baà tóbi jù: H.264, H.265 àti àwọn mìíràn. Bí o bá yí .mov sí .mp4, orúkọ ewé lo yí, ẹ̀kọ ò lè torí ìyẹn di ọ̀lẹ̀lẹ̀. H.265 ló wà nínú fáìlì mi, torí mo fẹ́ kí ó kéré. H.264 ti jáde láti 2003, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n tó ń ka fídíò lórí fláàṣì tí kò mọ̀ ọ́n. Ọdún 2013 ni H.265 ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti rà ṣáájú ìgbà yẹn kò lè mọ̀ ọ́n. Má sì jẹ́ kí VLC, sọ́fíwíà tí a fi ń wo fídíò lórí kọ̀ǹpútà, tàn ọ́ jẹ. Gbogbo ohun tí VLC nílò láti tú fídíò ló gbé dání fúnra rẹ̀, nítorí náà bí ó ṣe ṣí lórí láptọ̀ọ̀pù rẹ kò jẹ́rìí sí nǹkan kan.

Lọ gba MediaInfo, sọ́fíwíà tó ń sọ ohun tó wà nínú fáìlì, sórí kọ̀ǹpútà rẹ, ọ̀fẹ́ ni. Fi ṣí fáìlì rẹ, wo ibi tí ó kọ Format sí lábẹ́ Video. Bí o bá rí HEVC níbẹ̀, H.265 ni. Wo Bit depth náà, iye bíìtì tí wọ́n fi kọ àwọ̀: bí ó bá jẹ́ 10 bits, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ lè kọ̀ ọ́ kódà bí ó bá jẹ́ H.264.

Èyí ni mo fi export láàárọ̀ ọjọ́ kejì: MP4, H.264, 1920 x 1080, Progressive, 8 bits, ohùn ní AAC, 48000 Hz, Stereo. Bí o bá ń lo Premiere, sọ́fíwíà tí a fi ń gé fídíò, H.264 ni wọ́n kọ síbi Format, fáìlì tó sì máa já jẹ́ .mp4, ìyẹn máa ń da orí ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Nínú DaVinci Resolve, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, wọ́n ya ewé àti codec sọ́tọ̀ kedere. Bitrate, ìyẹn iye bíìtì tí fídíò ń gbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 8 Mbps tó. Ṣe ìṣirò rẹ̀ wò: mẹ́gábíìtì 8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wákàtí kan jẹ́ 28,800, pín in sí 8, torí bíìtì 8 ló wà nínú báìtì kan, ó di 3,600 mẹ́gábáìtì, ìyẹn 3.6 GB. Wákàtí kan wọ inú FAT32 láìsí ìjà. Nítorí náà mo máa ń gé ìsìnkú sí mẹ́ta: àìsùn, ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìnáwó. Ó tún dára nítorí iná. Ìparí export ni ọ̀pọ̀ sọ́fíwíà máa ń kọ atọ́ka inú MP4, bí iná bá lọ nígbà tó ku díẹ̀, fáìlì á wà níbẹ̀, á tóbi, kò ní ṣí. Ẹni tó gé e sí mẹ́ta, ìdá kan ló máa pàdánù.

Aago méje àárọ̀ ni mo padà dé Ìkẹ́rẹ́. Bàbá yẹn ní kí n dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta síbi tí màmá ti ń jó níbi ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún rẹ̀, tí mo fi ṣíwájú fídíò náà.

Ó ku ti ohùn. Export kọ́ ló fà á, fóònù ni. Kámẹ́rà máa ń ya iye àwòrán kan náà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n fóònù lè sọ pé 30 lòun ń yà, kí ó já sí 24 níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, bíi inú ṣọ́ọ̀ṣì. Sọ́fíwíà a máa rò pé ó dọ́gba, ohùn àti àwòrán a sì pínyà díẹ̀díẹ̀. Má fi ọwọ́ fa ohùn náà, wàá kàn fi ọjọ́ rẹ ṣòfò. Fi HandBrake, sọ́fíwíà tó ń yí fídíò padà, ọ̀fẹ́ ni òun náà, ṣí fídíò fóònù yẹn, mú Constant Framerate (iye àwòrán tí kì í yí padà), mú 25 bí kámẹ́rà rẹ bá wà ní 25, kí o tó gbé e wọ inú iṣẹ́. Mo máa ń gbé kámẹ́rà mi sí 25 pẹ̀lú shutter 1/50 (ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá ni àwòrán kọ̀ọ̀kan fi ń gba ìmọ́lẹ̀), torí 50 Hz ni iná wa níbí, gílóòbù ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣẹ́jú lójú fídíò bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí o ò béèrè, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí. Mo ti rí fídíò ìsìnkú tí orúkọ olóògbé wà lójú rẹ̀ pẹ̀lú àpótí òfìfo níbi tó yẹ kí ọ̀ wà. Orúkọ ènìyàn nìyẹn, ìgbẹ̀yìn tí a máa kọ ọ́ sí ojú tẹlifíṣọ̀n! Kọ̀ǹpútà ń to ọ̀ láti inú ọ àti àmì ohùn tó gbé lé e lórí, font, ìyẹn irú lẹ́tà tí o yàn, tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó máa ń fi àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kí ó ya àpótí. Noto Sans àti Charis SIL ń gbé e dáadáa, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Bí o bá kọ orin tàbí ìwàásù sínú fáìlì .srt (fáìlì ọ̀rọ̀ tó ń hàn lójú fídíò), UTF-8, ọ̀nà ìfipamọ́ tó mọ lẹ́tà Yorùbá, ni kí o fi pamọ́, kí o sì yan kí sọ́fíwíà tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àwòrán. Má fi í sílẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n láti kọ, kò ní ẹ àti ṣ tó o rò pé ó ní.

Ní báyìí, gé ìṣẹ́jú méjì péré nínú iṣẹ́ rẹ, fi ibi tí pásítọ̀ ti ń sọ̀rọ̀ kún un, export rẹ̀ bí mo ṣe sọ, dà á sórí fláàṣì FAT32, kí o gbé e lọ sí tẹlifíṣọ̀n àwọn olókùú gan-an, kì í ṣe ti ilé rẹ. Bí ó bá tún kọ̀, ṣe ẹ̀dà ohun tí MediaInfo bá kọ, Video àti Audio, fi ránṣẹ́ sí mi, kí o sọ ọdún tí wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n náà bí wọ́n bá rántí.