Ṣé agbára idán tí a fi sára idà ń mú kí ìkógun pọ̀ sí i nínú eré kọ̀ǹpútà Minecraft?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Looting nìkan ni agbára idán ara idà tí ó ń fi kún iye ohun tí ẹ̀dá kan ń fi sílẹ̀ nígbà tí a bá pa á. Ìpele mẹ́ta ni ó ní, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ń fi 1 kún iye tí ó pọ̀ jù lọ tí a lè rí, débi pé blaze (ẹ̀dá oníná kan) tí kì í fi ju ọ̀pá 1 sílẹ̀ lè fi tó 4 sílẹ̀ bí ó bá jẹ́ Looting III ni ó wà lára idà náà. Iye tí ó ga jù lọ nìkan ni èyí kàn. Ènìyàn ṣì lè pa blaze kí ó má rí ohunkóhun.

Ní ti ohun tí ó ṣọ̀wọ́n, ìpele kọ̀ọ̀kan ń fi 1 nínú 100 kún àǹfààní àtirí i. Agbárí wither skeleton (ẹ̀dá eegun dúdú kan), tí ó jẹ́ 2.5 nínú 100 tẹ́lẹ̀, yóò di 5.5 pẹ̀lú Looting III.

Ní ti àwọn agbára idán mìíràn, Sharpness kàn ń mú kí idà tètè pa ẹ̀dá ni. Fire Aspect, tí ó ń mú kí iná ràn mọ́ ẹ̀dá tí a bá fi idà lù, kì í fi kún iye ẹran, àmọ́ màlúù tí iná ṣì ń jó lára rẹ̀ nígbà tí ó kú yóò fi ẹran tí ó ti jinná sílẹ̀. Fortune, tí àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣì mú fún Looting, jẹ́ ti irinṣẹ́ ìwalẹ̀, kò sì ṣeé fi sára idà.

Àwọn ìkógun kan wà tí Looting kò kàn: ìràwọ̀ tí Wither (ẹ̀dá ńlá olórí mẹ́ta kan) ń fi sílẹ̀ kì í ju 1 lọ.